Ọ̀sán gangan la fi ń kọ́ eku níwèé

Nígbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdè ni kí n máa ju eku sómi. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù náà nìyẹn, wọ́n dákẹ́ lọ bí ẹni pé káàdì ti tán, wọ́n wá ní, "Kí ni eku ọ̀hún fi ṣe yín?" Mo ní kò ṣe wá ní nǹkan kan mà, pírójẹ́ẹ̀tì ni, a fẹ́ wò ó bóyá á rántí ibi tí nǹkan tó lè gùn lé wà nínú omi ni. Wọ́n ní, "Nǹkan tí mo tìtorí ẹ̀ ń dá èésú látọdún yìí náà nìyẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá ka physiology, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọpọ́n ike ńlá kan ni, ó fẹ̀ débi tí ọmọdé mẹ́ta lè jókòó sínú ẹ̀, wọ́n á pọn omi kún un, wọ́n á da mílíìkì sí i kó lè funfun kí eku má baà rí ìsàlẹ̀, wọ́n á wá gbé pèpéle kékeré kan sínú ẹ̀, omi á fi díẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Eku mọ̀wẹ̀ àmọ́ kò fẹ́ràn omi, á máa wẹ̀ kiri títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi kan pèpéle yẹn, á gùn ún, á gbọnra. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, eku tí ń jẹ́ eku á ti mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ sómi báyìí ló máa kọrí síbẹ̀. Richard Morris ló dá a sílẹ̀ ní Scotland, ó kọ nípa ẹ̀ jáde ní 1981, látìgbà náà ni wọ́n ti ń ju eku sómi káàkiri ayé. Tiwa, mílíìkì sáṣẹ́ẹ̀tì la fi ṣe é, owó àpò wa la sì fi rà á, tó bá ti di ọjọ́ kejì nínú ooru yàrá yẹn ó ti kan, a ó fi ọwọ́ kan dímú, a ó fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù tá a fi ń ka àkókò.

Àmọ́ eku tiwa ò kọ́ nǹkan kan. Omi ewé kan la ń fún àwọn kan mu nínú wọn, ká wò ó bóyá á jẹ́ kí wọ́n tètè máa rántí nǹkan, tó bá jẹ́ pé àwọn tó mu ewé nìkan ni ò rántí, à bá ní ewé yẹn ló fà á, àwọn tí ò mu nǹkan kan náà ò rántí. Gbogbo wọn á kàn fẹ̀gbẹ́ ti ògiri ọpọ́n, wọ́n á máa yí i po bí ẹni ń wá ẹnu ọ̀nà. Èyí tó burú jù là ń pè ní Ìrù Búlúù, torí máàkà tá a fi sàmì sí i nírù. Ọgọ́ta sẹ́kọ́ńdì la máa ń fún wọn, eyí tí kò bá rí pèpéle, a ó fọwọ́ darí ẹ̀ débẹ̀. Ìrù Búlúù á wẹ̀ títí 60 á fi pé, a ó gbé e lé pèpéle, á wá máa wò wá bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo kọ 60 síwèé. Ọjọ́ kejì, 60.

Bàbá kan wà tó ń tọ́jú ilé eku nígbà yẹn, àwọn ló ń fún wọn lóúnjẹ tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, tí wọ́n bá wá kanlẹ̀kùn yín láago méjì òru pé ó yá, ẹ wá ṣèdánwò, kí lẹ máa kọ?" A rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò ṣàwàdà, òru ni eku ń ná ọjà tiẹ̀, ká jẹ́ kílẹ̀ ṣú. A ní Bàbá, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní dúró kílẹ̀ ṣú, láago méjìlá sí méjì ọ̀sán ló ń ṣílẹ̀kùn fún wa. Wọ́n gbé gárawá wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí. Bàólọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, mi ò rò pé mo tún máa ronú kan Ìrù Búlúù láyé mi mọ́, àfi ìgbà tí mo fẹ́ kọ́ wọn nípa ọpọlọ tí mo lọ ń ka nǹkan kiri kí n má baà lọ dúró níwájú wọn kí n máa ka tẹ́ẹ̀sìbúùkù bí odídẹrẹ́, mo wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìgbì ọpọlọ, mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, iná tó kéré débi pé tí ẹyọ kan bá dá sọ̀rọ̀ ẹni tó wà níta ò lè gbọ́. Ẹ wò ó bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Tí gbogbo ìjọ bá ń gbàdúrà, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀, ariwo lásán lá máa gbọ́, àmọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pọ̀, pà, pà, pà, á mọ ìgbà tọ́wọ́ ń pàdé ọwọ́ láì rí ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbì ọpọlọ nìyẹn, àtẹ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì. Hans Berger, dókítà kan ní Jena ní Jámánì, ló kọ́kọ́ gbọ́ ti èèyàn, ní 1924, ọdún márùn-ún ló sì fi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e jáde ní 1929. Àmọ́ ara ẹranko la ti mọ èyí tó pọ̀ jù, torí ti ẹranko, wọ́n lè ki wáyà tín-ínrín bọnú ọpọlọ lọ síbi tí wọ́n fẹ́. Ibi tí gbogbo wọn sì ń du ni hippocampus, ibì kan tó ká kòlòbà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, òun ni eku fi ń mọ ọ̀nà, òun lèmi àtẹ̀yin fi ń rántí àná.

Tí eku bá ń rìn, tó ń fimú fín-ín-fín kiri, tó nàró tó ń wòkè, hippocampus ẹ̀ á máa pàtẹ́wọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, kò ní yẹ̀. Theta lorúkọ ẹ̀. Tó bá jókòó tó ń jẹun, tó ń fọwọ́ nujú, theta á lọ. Green àti Arduini ti kọ nípa ẹ̀ ní 1954, lára ehoro àti ológbò, Vanderwolf wá fi hàn ní 1969 pé ti eku yẹn wé mọ́ kó máa dìídì rìn káàkiri. Ibì kan ló sì ń darí ìlù yẹn o, medial septum, òun ló di agogo mú. Ní 1978 Jonathan Winson ba ibẹ̀ jẹ́ lára àwọn eku tó ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀. Èyí tí theta ẹ̀ parẹ́ nínú wọn ò mọ̀nà mọ́. Ojú ẹ̀ ń ríran, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń rìn, agogo ló dákẹ́.

Ti ehoro ló wá dá mi dúró.

Ehoro kì í sábà ṣẹ́jú, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn yìí fi fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n á ta ohùn kan sí i létí, kò ní pẹ́ wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn fúú sí i lójú, á ṣẹ́jú. Wọ́n á tún un ṣe. Wọ́n lè ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, títí ehoro á fi máa ṣẹ́jú bó bá ti gbọ́ ohùn lásán, kí atẹ́gùn tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ skúùlù nígbà tí pàṣán ṣì wà mọ̀ ọ́n dáadáa, tíṣà á kàn gbápá sókè, ojú yín ti dì. Berry àti Thompson ní 1978 ka ìgbì ehoro kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n rí i pé àwọn tí theta pọ̀ lára wọn ló ń tètè mọ̀ ọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnì kan lè sọ pé ehoro tó já fáfá tẹ́lẹ̀ náà ni theta ẹ̀ pọ̀, pé kì í ṣe theta ló fún un lọ́gbọ́n. Ìyẹn ni Seager àti Berry pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe gbé òmíràn jáde ní 2002, ní Miami University (Ohio ló wà o, kì í ṣe Florida, èmi náà kọ́kọ́ ṣìnà níbẹ̀). Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣọ́ ìgbì ehoro bó ṣe ń lọ. Gúrúpù kan, kọ̀ǹpútà ò ní ta ohùn yẹn àfi tí theta bá wà nílé. Gúrúpù kejì, àfi tí theta bá ti jáde. Ohùn kan náà o, atẹ́gùn kan náà, ojú kan náà tí wọ́n ń fẹ́ ẹ sí. Àwọn ehoro tí wọ́n ń kọ́ nígbà tí theta wà nílé fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá.

Mo ka ibẹ̀ tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ bu omi mu, mo padà wá kà á. Torí gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá ọmọ lẹ́bi níbi táwa ti ń ṣiṣẹ́ ni pé kò fọkàn sí i, kò kàwé tó, olódo ni. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè pé ìgbà wo lẹ kanlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ àsìkò yìí sì tún kéré ju báyẹn lọ. Ní 1995 Patricio Huerta àti John Lisman gbé ọpọlọ eku tí wọ́n gé pẹlẹbẹ sínú abọ́, wọ́n fi oògùn sí i kó lè máa lu theta fúnra ẹ̀, wọ́n wá ń ta iná bíńtín sí i. Tí iná bá bọ́ sórí ìgbì, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti so kọ́ra á túbọ̀ lágbára. Tó bá bọ́ sísàlẹ̀ ìgbì, èyí tó ti lágbára tẹ́lẹ̀ á tún dẹ̀. Iná kan náà ni wọ́n ta. Láti orí ìgbì dé ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì. Ẹ bi onídùndún, ọ̀pá kan náà tó bọ́ sójú agogo tí gbogbo èèyàn ń jó sí, tó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí ó ti di ariwo, ẹni tó ń jó á ti wo ẹ̀yìn.

Àmọ́ apá kejì ló dùn mí jù, ti oorun.

Tí eku bá jẹun tán tó dùbúlẹ̀, theta á gbà á láyè, òmíràn á bọ́ síbẹ̀, ìgbì kan tó ń gbọ̀n rìrì, bí àádọ́jọ sí igba láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tí kì í sì í pẹ́, kó tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì ó ti lọ. Ripple ni wọ́n ń pè é. Kẹ́ ẹ tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ gbọ́ ti O'Keefe ná. Ní 1971 ní London, John O'Keefe àti Jonathan Dostrovsky kọ̀wé pé sẹ́ẹ̀lì wà nínú hippocampus eku tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló ń tìtorí ẹ̀ sọ̀rọ̀: ti igun yìí wà, ti ẹ̀gbẹ́ ògiri wà, eku ń rìn, wọ́n ń dáhùn níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pe rẹ́jísítà. (Ó gba Nobel ẹ̀ ní 2014, òun àti May-Britt pẹ̀lú Edvard Moser, ó sì tọ́ sí wọn.) Ní 1994 Wilson àti McNaughton wá ṣọ́ eku tó sùn lẹ́yìn tó ti rìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọ dáhùn lójú ọ̀nà tún ń jọ dáhùn lójú oorun. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí i pé bí ọ̀nà ṣe tẹ̀ léra náà ni sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ léra, àmọ́ ó ń sáré ní ìlọ́po bí ogún, inú ripple yẹn ló sì ń há sí, bí ẹni tó ti mọ Sáàmù sórí tó kàn ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ kí oorun tó gbé e lọ.

Ní 2009, Gabrielle Girardeau pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Paris kọ́ eku ní ọ̀nà ẹlẹ́ka mẹ́jọ, ẹ̀ka mẹ́ta kan náà lóúnjẹ ń wà lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá kọ́ ọ tán wọ́n á jẹ́ kó sùn fún wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ. Bí ripple bá ti yọjú, kọ̀ǹpútà á ta iná díẹ̀ sí i, ripple á já. Àwọn eku mìíràn wà tí wọ́n ń ta iná bẹ́ẹ̀ sí náà, àmọ́ wọn ò ta á sórí ripple. Àwọn tí wọ́n ń já ripple wọn ò mọ ẹ̀ka mẹ́ta yẹn bí àwọn yòókù ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n sùn o. Kò sẹ́ni tó jí wọn. Ọ̀rọ̀ tí ọpọlọ wọn ń bá ara ẹ̀ sọ lójú oorun ni wọn ò jẹ́ kó parí.

Tiwa ńkọ́? Tá a bá yọ Ìrù Búlúù nínú omi tán, a ó fi àkísà nù ún, a ó gbé e padà sínú kéèjì, kéèjì wà létí fèrèsé, ẹ̀yìn fèrèsé yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà, láago méjì ọ̀sán ni wọ́n sì ń tàn án torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń mú iná lọ. Ariwo ẹ̀ ń mi omi inú ike tí wọ́n fi ń mumi. Kò sí eku tó máa sùn níbẹ̀. Èmi gan-an tí mo bá gborí lé tábìlì, eyín mi á máa gbọ̀n. A fi ọ̀sán tó yẹ kí wọ́n fi sùn kọ́ wọn, a tún fi jẹnẹrétọ̀ lé ìyókù lọ.

Kí n má parọ́ mọ́ ọ̀sán ṣá o. Ọ̀pọ̀ láàbù níbi tí nǹkan ti ń lọ dáadáa ló ń dán eku wò lójúmọmọ, eku náà sì ń mọ̀ ọ́n, torí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé aago ló fa tiwa. Ó lè jẹ́ ariwo, ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ mílíìkì tó kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ tá a kọ síwèé.

Mo kọ́ àwọn ọmọ mi ní ti ehoro yẹn, ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Mà, èmi ní theta lórí fóònù mi o, wákàtí mẹ́jọ ni, mo máa ń ki yíápíìsì bọtí sùn ni." Mo ní èló lo gbà nínú tẹ́ẹ̀sì tó kọjá? Gbogbo kíláàsì pariwo. Àmọ́ ìbéèrè gidi ni, torí ohùn tí wọ́n ń pè ní theta bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lórí YouTube. Ẹ jọ̀ọ́, theta ehoro yẹn, ọpọlọ ehoro ló ń lù ú, kò sẹ́ni tó rọ ọ́ sí i létí, kọ̀ǹpútà kàn ń dúró dè é ni. Kí èèyàn dúró kí onílé jáde yàtọ̀ sí kó máa gbá ilẹ̀kùn onílé. Àwọn kan ti gbìyànjú ti títa ìgbì láti ìta náà, èyí tó ń lọ ní ìgbà 40 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan: ní 2016 àwọn ọ̀dọ̀ Li-Huei Tsai ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tan iná tó ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn eku kékeré tí wọ́n fi ń ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé Alzheimer, wọ́n ní ìdọ̀tí ọpọlọ wọn dín kù. Ayé gbọ́. Ní 2023, àwọn ọ̀dọ̀ György Buzsáki ní New York ṣe irú ẹ̀, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń fà á. Ẹni tó bá ń tà á fún yín ní owó wákàtí mẹ́jọ, ẹ bi í pé ibo ló ti rí i.

Nǹkan kan wà tí mi ò lè fò. Wáyà tí mò ń dárúkọ fàlàlà yìí, orí ẹranko ni wọ́n ń lu sí. Wọ́n máa ń fi oògùn kùn wọ́n lóorun kí wọ́n tó ṣe é, lóòótọ́, àmọ́ tí iṣẹ́ bá parí wọ́n sábà máa ń pa á, wọ́n á gé ọpọlọ ẹ̀ pẹlẹbẹ kí wọ́n lè rí ibi tórí wáyà wà gan-an. Tiwa náà ò yè. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi wọ́n ní, "Ẹ ò tiẹ̀ tún jẹ ẹ́?" Mo ní a ò jẹ ẹ́ mà. Wọ́n ní ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ tá a lọ kó ẹrù wa, tí àwọn kéèjì ti ṣófo, Bàbá ń fọ̀ wọ́n létí kànga. Wọ́n gbé ọ̀kan sókè, okùn ṣì wà lára ìdérí ẹ̀, okùn aṣọ tí wọ́n ta ní kókó méjì. Mo ní Bàbá, kí lẹ so èyí fún? Wọ́n ní, "Ti onírù búlúù yín yẹn ni. Alẹ́ ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ gbé e dé ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fimú gbé ìdérí sókè. Mo gbé òkúta lé e, ó mọ̀ ọ́n. Okùn yìí ló tó ba ohun tó ń ṣe jẹ́, òun náà sì ti ń gé e jẹ lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ wá mú un."

Mo wo okùn yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ tán lóòótọ́, ó ku fọ́nrán bí mẹ́ta. Pírójẹ́ẹ̀tì mi wà nínú àpò lẹ́yìn mi, wọ́n ti dì í, wọ́n ti fi lẹ́tà wúrà kọ orúkọ mi sí i: Ìrù Búlúù, 60, 60, 60, 60.